Ọwọ́ Tó Wà Lára Etù

Ẹni tó bá fẹ́ pè é nírọ́, kó pè é. Mi ò ní bá a jà. Ojú mi yìí ló rí i, ọ̀sán gangan sì ni.

Iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe. Ọ̀fàtẹ̀dó ni mò ń gbé, àmọ́ nígbà iṣẹ́ yìí, Old Garage ni mo ti ń wọkọ̀ lọ sí Iléṣà láràárọ̀. Inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ni iṣẹ́ náà wà, ti olówó kan tó ń ra kòkó nígbà ayé rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Tèmi ni kí n fi iná sí i, kí àlejò lè rí àwọn ẹrù tí wọ́n pàtẹ.

Yàrá òkè ni wọ́n kọ́ aṣọ etù ìyàwó oníkòkó náà sí. Ó dúdú bí inú ìkòkò aró. Màmá tó ń tọ́jú ilé, ọmọ ìyàwó náà, ló fọwọ́ ara wọn gbé e jáde látinú àpótí.

"Ọmọ mi, ìyá mi kì í sá etù yìí sóòrùn. Abẹ́ òjìji ló máa ń sá a sí. Òun nìkan ló kù lọ́wọ́ mi tó jẹ́ tirẹ̀ o."

Mo rẹ́rìn-ín. "Màmá, iná la fẹ́ tàn, kì í ṣe oòrùn."

"Ṣé iná àti oòrùn kì í ṣọmọ ìyá ni?"



Mo pa gbogbo fèrèsé dé, kí n lè rí ibi tí iná ń bọ́ sí. Mo gun àkàbà, mo dojú iná kọ etù, mo dè é pinpin. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, iná ti kọjú sí ògiri. Mo tún gòkè, mo tún dè é. Ó tún yí! Ẹ gbà mí gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè. Súpánà ń yọ̀ lọ́wọ́ mi, òógùn ń wọ̀ mí lójú.

Ọ̀gá mi ń pariwo nísàlẹ̀: "Ṣé o ti sùn sórí àkàbà ni?"

"Ọ̀gá, iná yìí ò dúró!"

"Ìwọ ni ò dúró!"

Inú bí mi. Mo yọ iná kékeré náà, mo gbé ńlá kan síbẹ̀, èyí tó ń tàn bí iná tírélà, mo sì fi irin so ọrùn rẹ̀ mọ́ àjà. Mo ní kó yí, kí n rí i.

Kò yí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tàn án, òjìji ọwọ́ kan hàn lórí etù. Ọwọ́ arúgbó ni, ìka rẹ̀ kan wọ́. Mo wo ọwọ́ tèmi. Ọ̀kan di súpánà mú, èkejì di àkàbà mú. Kò sì sẹ́lòmíì nínú yàrá.

Ẹnìkan wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ létí mi: "Ojú ń ta mí. Pa á."

Mo sá. Mi ò pa á. Bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń pa iná wà lẹ́nu ọ̀nà tí mo gbà sá. Mo sọ fún ọ̀gá pé iṣẹ́ ti parí, mo sì panu mọ́.

Wọ́n ṣí ilé, àlejò ń wọ́ wá. Lójoojúmọ́ ni iná náà ń tàn, títí ọyẹ́ fi dé. Ìgbà náà ni Màmá ránṣẹ́ pè mí.

Etù ti ṣá. Ó ti funfun bí eérú. Ibì kan ṣoṣo ló ṣì dúdú: àwòrán ọwọ́, ìka kan wọ́.

"Ọwọ́ ìyá mi nìyí," Màmá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọmọ ọlọ ló bà á níka jẹ́. Ṣé ó bá ẹ sọ̀rọ̀?"

Mo dọ̀bálẹ̀.

Mo ti tú iná náà. Màmá ti ká etù padà sínú àpótí, wọn ò sì pè mí mọ́. Ṣùgbọ́n látìgbà náà, iná yòówù tí mo bá tàn, ojú ń ta èmi náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, bí ẹ bá gbọ́ ohùn tó ní kí ẹ pa iná, sísá ò burú. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ pa á.