Ìgò Oògùn tí Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù Já Gbà

Ikọ́ fée ló ń bá ọkọ mi jà láti kékeré. Bíríkìlà ni, kì í sì í kúrò nílé láìmú hóró oògùn tí wọ́n fún un ní dìsìpẹ́ńsárì dání. Inú ìgò pélébé kan ló ń kó o sí. Lọ́jọ́ tó kú, wọ́n pè é wá jẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ Ọ̀tà. Èmi jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin.

Bó ṣe dìde láti sọ̀rọ̀ ni èémí rẹ̀ há. Ó yọ ìgò náà, ṣùgbọ́n kò rí agbára ṣí i. Télọ̀ kan tó jókòó tì í gbà á kó bá a ṣí i, ni akọ̀wé kọ́ọ̀tù bá já a gbà. Ó ní òfin ìjọba kò gbà kí ẹni tí kò níwèé àṣẹ fún ènìyàn lóògùn, pé ẹni tó bá dán an wò yóò ṣẹ̀wọ̀n. Ó rán akódà lọ pe ọ̀gá dìsìpẹ́ńsárì.

Mo sáré síwájú, mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, oògùn tirẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi sí i lẹ́nu."

Kò wojú mi. Kí ọ̀gá dìsìpẹ́ńsárì tó gun kẹ̀kẹ́ dé, ọkọ mi ti kú sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kọ́ọ̀tù.

Wọ́n ní kí n gba kádàrá. Mi ò gbà. Mo wọ lọ́rì lọ sí Abẹ́òkúta, mo ní kí wọ́n bá mi kọ̀wé sí Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Nígbà tó wá sí Ọ̀tà, ó ní kí ògbufọ̀ ka òfin náà sétí gbogbo wa. Ẹni tó ń ta oògùn láìgbàwé àṣẹ ni òfin ń bá wí. Kò kan ẹni tó bá aláìsàn lo oògùn ara rẹ̀.

Mo kọjú sí akọ̀wé. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ ò wá lè kà á kẹ́ ẹ tó pa ọkọ mi?"

Wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́.

Ìyẹn kò tó mi. Mo kó àtẹ ata mi kúrò lọ́jà, mo tẹ́ ẹ síwájú ilé rẹ̀. Tó bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, màá kúnlẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ kú òfin, sà." Odidi ọdún méjì. Télọ̀ yẹn bẹ̀ mí kí n dáwọ́ dúró, ó ní Ọlọ́run ń wò mí. Mo ní kó máa wò.

Nígbà tí akọ̀wé náà kó lọ sí Ìgbẹsà, ìyàwó rẹ̀ wá bẹ̀ mí, ó ní ọkọ òun kì í jẹun mọ́. Mo fún un lómi mu. Mo ní kó bá mi kí i, kó sì sọ fún un pé mo ti ń wá ibi tí màá tẹ́ àtẹ sí ní Ìgbẹsà.

Mo sì rí ibì kan.