Kànga Asiata Aláró

Ní gbogbo àdúgbò tó wà lẹ́yìn téṣàn réluwéè l'Ọ̀fà, kànga kan ṣoṣo ni ẹ̀ẹ̀rùn kì í mú gbẹ, òun náà ni kànga ilé Asiata Aláró. Abdulganiyu ọkọ rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Nígbà tí àìsàn dá ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ tí kò ní dìde mọ́, ó pe ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Asiata, má fi omi du ẹnikẹ́ni o. Saráà tèmi nìyẹn." Obìnrin náà ò sì fi du ẹnikẹ́ni. Ìmàle ni o, onígbàgbọ́ ni o, àjèjì tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ni o, kí o ṣáà ti gbé korobá dé. Bí àwọn ìyàwó ilé bá ń kùn pé omi ń lọ sílẹ̀, á ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ dá omi ni?"

Iṣẹ́ aró ló ń ṣe, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ló sì ti kọ́ ọ. Ewé ẹ̀lú, eérú igi, omi àti sùúrù ni wọ́n fi ń ṣe aró láyé ìgbà yẹn. Bí agbára aró bá ti tán nínú ìkòkò, kòtò kan wà lẹ́yìnkùlé, tí kò jìnnà sí kànga, ibẹ̀ ni wọ́n ń dà á nù sí. Nílé tiwọn, aláró kì í pààrọ̀ ibi tó ń da aró sí. Ibi tí ìyá dà á sí ni ọmọ ń dà á sí, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó bá ń da aró kiri, aró rẹ̀ ò ní mú aṣọ mọ́. Nígbà tó jẹ́ eérú ni, kò sí wàhálà kankan.

Àfi ìgbà tí sódà òyìnbó tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dé. Inú agolo ló wà, ọkọ̀ ojú irin ló ń kó o bọ̀ láti Èkó. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ni ò ní fẹ́ ẹ? Eérú tí èèyàn ń jó títí, tó ń sẹ́ títí, tí èéfín ń ba ojú jẹ́, sódà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kí ọbẹ̀ tó jinná lórí iná. Aṣọ Asiata wá dúdú mìnìmìnì, àwọn oníbàárà ń ti Ìlọrin wá bá a. Pé nǹkan ọ̀hún ń bó èèyàn lọ́wọ́, ó mọ̀, òrí ló fi ń para. Ṣùgbọ́n ibi tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń da eérú sí náà ni òun ń da sódà sí. Ọkàn rẹ̀ ò lọ síbẹ̀ rárá. Kòtò ṣáà ni kòtò.

Ọdún kejì tí a gba òmìnira ni ẹ̀ẹ̀rùn kan mú, ẹ̀ẹ̀rùn burúkú. Gbogbo kànga àdúgbò gbẹ, gbogbo ayé wá rọ́ sí kànga Asiata. Wọ́n so okùn mọ́ okùn kí ìfàmi tó lè kan omi, ẹrẹ̀ sì ń bá omi jáde. Kànga tí wọ́n bá fà dé ìsàlẹ̀ báyẹn, gbogbo ohun tó bá wà nínú ilẹ̀ àyíká rẹ̀ ni yóò máa fà mọ́ra. A ti mọ ìyẹn nísinsìnyí. Ta ló mọ̀ ọ́n nígbà náà?

Baba Lukman, ẹ̀gbọ́n olóògbé àti olórí ilé, ló kọ́kọ́ fura. Ó ń ṣe àlùwàlá, ó bu omi sẹ́nu, ó tu ú dànù. "Àsítàfúrúlá! Kí ló ń korò báyìí?" Omi ọ̀hún ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi ọṣẹ. Kò pẹ́, ẹnu àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í bó, wọ́n ń bì. Ìdí tí ojú gbogbo ilé fi yí sí Akínwándé nìyẹn.

Akọ̀wé réluwéè ni Akínwándé, ará Ìkirun, onígbàgbọ́. Òun àti Roseline ìyàwó rẹ̀ gba yàrá níwájú ilé. Wọlé-wọlé ló pàṣẹ fún un pé kó gbẹ́ ṣáláńgá, ó sì gbẹ́ ẹ sí ìpẹ̀kun ọgbà, ibẹ̀ ni wọ́n ní ìdọ̀tí ti ń wọ kànga. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàmísì, wọ́n pè é síwájú àwọn àgbà ilé. Roseline pọn ọmọ, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin bàbá," Akínwándé bẹ̀rẹ̀, "wọlé-wọlé ló ní kí n..."

"Wọlé-wọlé ló ní kó o fi ìgbẹ́ bọ́ wa?" Baba Lukman já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Lọ́la, bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, kó ẹrù ẹ. A ó sì dí ihò náà pa."

Asiata jókòó láàárín àwọn obìnrin, ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló fi omi kànga ṣan ọwọ́, tí ojú ibi tí sódà ti bó ta á gan-an, gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń ta á nídìí ìkòkò. Ó ti mọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ó parí fún iṣẹ́ rẹ̀, ó parí fún saráà ọkọ rẹ̀, ẹni tí gbogbo Ọ̀fà ń ṣàdúrà fún á di ẹni tó da májèlé sómi. Bó bá sì dákẹ́, wọ́n á dí ṣáláńgá, ọmọ ọlọ́mọ á sun ìta, àwọn tó kù á tún máa mu omi náà lọ. Ó ṣáà dìde.

"Baba Lukman, ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹ fi akọ̀wé sílẹ̀. Omi aró mi ló wọnú kànga."

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé ńṣe ni wọ́n rẹ́rìn-ín! "Ìyá Aláró, àánú yín ti pọ̀ jù," ni ẹnìkan wí. Wọ́n rò pé ó fẹ́ gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rù ni.

"Ìgbẹ́ ò ní yọ̀ lọ́wọ́," ni Asiata wí. "Ẹ tọwọ́ bọ omi kànga, kí ẹ wá fọwọ́ kan omi kòtò mi."

Baba Lukman ló lọ. Ó fi ìka pa ìka nínú omi kànga, ó fi ìka pa ìka nínú omi kòtò, méjèèjì ń yọ̀ bákan náà. Nígbà tó padà, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Asiata," ó ní, "o pa àbúrò mi lẹ́ẹ̀kejì."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ju ẹgba lọ. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọmọ odó fọ́ ìkòkò aró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ kòtò náà kó dànù sóko, wọ́n gbọ́n kànga gbẹ, wọ́n dúró de òjò. Òjò rọ̀, omi sun, wọ́n tọ́ ọ wò, ó ṣì ń korò. Ọdún kejì, bákan náà. Ohun tí wọ́n fi ọdún gbọọrọ dà sínú ilẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó lèèyàn fẹ́ fi gbọ́n ọn? Roseline ló ń pọnmi fún un láti ẹnu ẹ̀rọ àwọn òṣìṣẹ́ réluwéè, kò sì fi ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gún un lára rí.

Ṣùgbọ́n òkìkí kànga ọ̀hún ò tíì kú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, àwọn èèyàn á ṣì máa ti ọ̀nà jíjìn wá. Torí náà ni Asiata ṣe gbé àpótí sẹ́nu kànga, tó ń jókòó tì í kí ẹnikẹ́ni má baà mu níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aboyún kan dé láti Ẹ̀rìn-Ilé, ìlú tó máa ń bá Ọ̀fà jà nítorí ilẹ̀, pẹ̀lú korobá lórí, ètè rẹ̀ ti gbẹ.

"Ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ n bomi. Wọ́n ní ilé yìí kì í fi omi du èèyàn."

Asiata di okùn ìfàmi mú. "Kò sí, ọmọ mi."

Obìnrin náà yọjú wonú kànga. Omi ń dán nísàlẹ̀. "Mà, omi nìyẹn mo ń wò. Ṣé torí mo jẹ́ ará Ẹ̀rìn-Ilé ni?"

"Rárá o! Omi náà ò dáa. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Aboyún náà wo kànga, ó wo ìyá àgbà tó di okùn mú ṣinṣin. Ó pòṣé, ó gbé korobá rẹ̀ òfìfo padà sórí. Kó tó dé ọ̀nà réluwéè, ó ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé ìyàwó Abdulganiyu fi omi du òun.