Ife Omi Tí Ọmọ Wa Ò Mu

Kànga wa ní Agége jìn débi pé nígbà tí ewúrẹ́ mi já sínú ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, Kánò ló ti yọrí, Haúsá ló sì ń ké. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn fún àwọn ọkùnrin tó kọ́kọ́ wá bá wa láti yunifásítì nígbà ayé sọ́jà, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàwó mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ìborùn dí ẹnu, ẹ̀rín ń mi èjìká ẹ̀.

Àwọn náà ló fà á. Wọ́n wọ àdúgbò, wọ́n ní àwọn wá ṣe ìwádìí. Ẹ gbọ́ ná: ìwádìí! Nígbà yẹn, ẹni tó bá ní òun wá ṣe ìwádìí lónìí, òun náà ló ń bọ̀ wá fi ọkọ̀ gbé ẹ lọ lọ́la. Kíá ni gbogbo ojúlé ti ti ilẹ̀kùn, ó wá ku èmi tí irọ́ ò wọ́n lẹ́nu mi. Ìyàwó mi bu omi wá fún wọn, bá a ṣe ń ṣe fún àlejò.

"A dúpẹ́, Màmá," ni ọ̀gá wọn wí. "A ti mu omi bọ̀."

Ta ló ń mu omi sílẹ̀ nítorí pé ó ń lọ sílé onílé? Ìyàwó mi gbé ife padà sínú ilé. Òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ kànga yẹn nígbà tá a ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, kí kọ́ńpìnnì aláró tó wá kọ́lé sẹ́yìn wa. Omi ẹ̀rọ kì í yọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti ń pọnmi. Ó ní ẹni tó bá ti mu omi òun ti di ẹbí òun.

Gọ́tà kọ́ńpìnnì ọ̀hún ń gba ẹ̀yìn ògiri wa kọjá. Ó lè pupa lónìí, kó di búlúù lọ́la. Pẹ́pẹ́yẹ mi wọ ibẹ̀ ní funfun, ó jáde bí aṣọ sọ́jà, la bá ń kí i ní "sà". À ń rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n òórùn ti ń wọ omi wa, inú sì ti ń run ìyàwó mi.

Lẹ́yìn náà ni tísà kan, obìnrin, wá láti yunifásítì kan náà. Òun ò dárúkọ ìwádìí rárá. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Màmá. Òùngbẹ ń gbẹ mí."

Ó mu ife omi yẹn tán, ó dorí ẹ̀ kodò kí ìyàwó mi rí i. Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ó ń wá lóòrèkóòrè, ó ń bá wọn bó ẹ̀gúsí, àwọn obìnrin ń fi ibi tí ara ti ń yún ọmọ wọn hàn án. Ó bu omi kànga sínú ìgò. Ó ní ohunkóhun tóun bá rí níbẹ̀, àwa la máa kọ́kọ́ gbọ́, kí kọ́ńpìnnì tó gbọ́, kí ìjọba tó gbọ́, àti pé a óò jọ gbé e lọ bá wọn ni.

"Tó o bá rí ewúrẹ́ mi níbẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá, 'Sànnú' ni màá fi kí i."

Ìgbà yẹn ni sọ́jà ti yunifásítì pa. Wọ́n ṣí i, wọ́n tún tì í. Ìyàwó mi ń rù. Àwọn ará àdúgbò ń bi í bóyá káwọn ṣì máa pọnmi. "Ẹ jẹ́ kọ́mọ mi dé ná," ló ń sọ.

Ọmọ náà, tísà wa, dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ti gbẹ òun náà, bàtà ẹ̀ kún fún rírán. Ìyàwó mi fọwọ́ di ikùn mú, ó lọ bu omi fún un fúnra ẹ̀. Tísà fọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò mu ún, ó kàn dì í mú.

"Mu ún, ọmọ mi. Oòrùn ń mú."

"Màmá..."

Ìyàwó mi wò ó títí. "Àbí o ti mu omi bọ̀ ni?"

Ẹkún ló fi dáhùn. Ó rọra gbé ife sílẹ̀. Okùn bọ́ lọ́wọ́ obìnrin tó ń fa omi níbi kànga, a gbọ́ bí garawa ṣe balẹ̀ sínú omi nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ó ní òun ò lè sọ pé omi yẹn ló ń ṣe ìyàwó mi. Ohun tóun mọ̀ ni pé oró ti ti inú gọ́tà wọ inú ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mu ún mọ́. A jọ lọ sẹ́nu géètì kọ́ńpìnnì, bó ṣe ṣèlérí. Àgádágodo la bá. Sáàpù ti lé àwọn náà lọ, wọ́n ti kó ẹ̀rọ wọn tà. Mégàádì ní, "Ta lẹ fẹ́ rí?" A ò rí ẹni dárúkọ.

Kí òjò tó dé ni ìyàwó mi kú. Nígbà tí kò lè dìde mọ́, tísà náà jókòó tì í, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyàwó mi yíjú sí mi.

"Gbogbo àwọn tí mo fún lómi mu ńkọ́?"

Mo ní kò sí nǹkan tó máa ṣe wọ́n, wọ́n á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ké Haúsá ni. Mo ń retí kí èjìká ẹ̀ mì. Kò mì. Ó wo ọmọ yẹn, ó wo òógùn tó bò ó lójú.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ wá nǹkan fún àlejò mu."

Mo dìde, mo mú ife. Mo dé àgbàlá, mo dúró síbẹ̀, mi ò mọ ọ̀nà tí mo máa gbà lọ pọnmi.