Bàálù Àlòkù Tí Mo Rà Lọ́dún Tí Ìyàwó Mi Kú

Kò tíì pẹ́ tí Dàhòmì gba òmìnira nígbà tí mo ra bàálù. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, àwọn ọmọdé máa ń rò pé àlọ́ ni mò ń pa. Èmi tí mò ń fi kàmíọ̀n kó epo pupa láti Ìfọ̀nyìn lọ sí Àjàṣẹ́, kí ni mo fẹ́ fi bàálù ṣe? Ìbéèrè náà dára. N kò ní ìdáhùn sí i nígbà náà, kò sì dá mi lójú pé mo ní in báyìí.

Òyìnbó Faransé kan ló ni ín. Ó ní oko ọ̀pẹ ńlá kan lójú ọ̀nà Bànígbé, ó sì ti gé koríko ilẹ̀ gbọọrọ kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko náà kí bàálù rẹ̀ lè máa ti ibẹ̀ gbéra. Èmi ni mo máa ń bá a kó epo. Nígbà tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sí ìlú rẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo ohun tí mo bá fẹ́ rà: àga, ibùsùn, ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kan. Mo wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo nawọ́ sí bàálù tó wà lábẹ́ àtíbàbà páànù.

"Èyí ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, ó sọ iye tí òun yóò tà á.

Ìyàwó mi ti kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yẹn. Ibà ló ṣe é. Àwọn ará ìlú sọ lẹ́yìn náà pé tìtorí ọ̀nà tí kò dára ni mo ṣe ra bàálù, pé ká ní mo ti ní in tẹ́lẹ̀ ni, ìyàwó mi ì bá má kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà dára lọ́jọ́ náà. A tètè dé ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́, wọ́n tètè gbà wá wọlé. Dókítà wà níbẹ̀, oògùn wà níbẹ̀. Ó kú náà ni.

Láti ìgbà yẹn, ara mi wà, èmi ni kò sí níbẹ̀. Mò ń jẹun láìjẹ́ pé ebi ń pa mí. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀, mò ń dá wọn lóhùn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí, tí kò tíì tó ọmọ ilé ìwé, ti wà lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó mi ní Kó-Kúmọ̀lù. N kì í béèrè rẹ̀.

Mo ta ọ̀kan nínú kàmíọ̀n mi méjèèjì, mo sì ra bàálù náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé àwọn fadá, gun kẹ̀kẹ́ wá bá mi.

"Wọ́n ní o ra afíọ̀n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"N kò mọ̀."

Ó jókòó, ó nu òógùn ojú rẹ̀. "Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, òmíràn a máa mutí, òmíràn a tètè fẹ́ ìyàwó tuntun. Ìwọ, o lọ ra ohun tó ń fò." Kò bú mi. Ó mu omi tí mo gbé fún un, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Bàálù náà ti gbó kí ó tó kàn mí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kan ṣoṣo wà nímú. Igi ni wọ́n fi ṣe egungun apá rẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi bò ó, wọ́n wá fi ọ̀dà kùn ún. Bí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, a tẹ̀ wọnú díẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì iwájú ga, kẹ̀kẹ́ kékeré kan ló wà lábẹ́ ìrù, nítorí náà bó bá wà nílẹ̀, ojú ọ̀run ni imú rẹ̀ ń wò, ẹni tó ń wà á kì í rí iwájú. Àfi kó máa yí i sọ́tùn-ún sósì bí ọ̀mùtí, kó máa yọjú ní fèrèsé ẹ̀gbẹ́ láti wo ọ̀nà.

Òyìnbó náà kọ́ mi kó tó lọ, òmíràn ní pápá bàálù Kútọnu wá parí rẹ̀ títí wọ́n fi fún mi níwèé àṣẹ. "Doucement," ni àwọn méjèèjì máa ń wí, pé kí n rọra. Bàálù náà máa ń fà sósì bó bá ń sáré láti gbéra, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi ń dá a padà. Aago tó yẹ kó sọ iye ẹ̀sáǹsì tí ẹ́ńjìnnì ń mu tó kù ń purọ́, igi la ń tì bọ inú táńkì ká tó mọ òótọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e balẹ̀ fúnra mi, ó ta sókè, ó tún ta sókè, bí ọ̀pọ̀lọ́.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá fò, mo ti rò pé nǹkan kan yóò ṣe mí lókè: ẹ̀rù, tàbí ayọ̀, tàbí ẹkún. Mo rí òrùlé páànù Ìfọ̀nyìn, mo rí ọ̀nà pupa tó lọ sí Ìgòlò, mo rí ọ̀sà Àjàṣẹ́ tó ń dán lọ́ọ̀ọ́kán. Mo mọ̀ pé ó lẹ́wà, bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé omi tutù láì fọwọ́ kàn án. Mo gbé e balẹ̀, mo lọ sílé, mo sùn.

Díẹ̀díẹ̀ ó mọ́ mi lára. Láàárọ̀, mo máa ń tú ilé agbọ́n kúrò lẹ́nu àwọn ihò bàálù náà, mo máa ń lé ewúrẹ́ kúrò lójú pápá. Nọ́ọ̀sì ìlú wa máa ń bẹ̀ mí kí n bá òun gbé oògùn bọ̀ láti Kútọnu. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ìlú ló ń tú jáde wá wò mí. Nígbà tó yá, ewúrẹ́ nìkan ló ń gbójú sókè.

Lọ́jọ́ kan, ìyá ìyàwó mi wá láti Kó-Kúmọ̀lù.

"Wọ́n ní o máa ń gbé èèyàn lọ sókè. Gbé mi."

"Ìyá, kò rọrùn fún àgbà."

"Ṣé mo ní ó rọrùn ni?"

Ó tún gèlè rẹ̀ wé kó le dáadáa, ó sì wọlé. A fò kọjá Ìgòlò. Ìkùukùu tó kún fún omi ti sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ni ẹ́ńjìnnì bá wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Abẹ̀bẹ̀ iwájú bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀. Wọ́n ti kọ́ mi pé omi lè dì gbagidi lọ́nà ọ̀fun ẹ́ńjìnnì, àní nílẹ̀ gbígbóná tiwa yìí, àti pé ọ̀pá kan wà tí mo lè fà kí atẹ́gùn gbígbóná lè wọlé yọ́ ọ. Mo fà á. Kò sí ìyàtọ̀. Ilẹ̀ ń bọ̀. Mo fojú wá oko ẹ̀gẹ́ kan tí mo lè já sí. Mo tilẹ̀ ń sọ nínú ara mi pé, bó bá jẹ́ pé ibi tó máa parí sí nìyí, kò burú.

Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì gbóhùn sókè. Mo yí imú rẹ̀ padà, a sọ̀ kalẹ̀ lórí pápá wa.

Ìyá kò dìde lórí àga.

"Ṣé o mọ̀ pé a fẹ́ kú?"

"Mo mọ̀, Ìyá."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́."

"Kò bà mí."

"Ó bà mí o! Mo ń pariwo, o ò gbọ́. Èmi arúgbó tí mo ti sin ọmọ, mo ṣì fẹ́ wà láyé." Ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyá ọmọ yẹn ti lọ. Ṣé o fẹ́ kí ó má ní bàbá náà ni? Lọ́la, wá mú ọmọ rẹ. Mi ò tọ́jú rẹ̀ mọ́."

Mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa, pé ọmọ náà ni gbogbo ayé rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo dé Kó-Kúmọ̀lù, Ìyá ti di ẹrù ọmọ náà, ojú Ìyá sì ti wú fún ẹkún. Ọmọ sá sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó rí mi. Mo gbé e sínú kàmíọ̀n, ó kẹ̀yìn sí mi títí a fi délé.

A ń gbé pọ̀ bẹ́ẹ̀, bí àlejò méjì. Aládùúgbò wa obìnrin ló ń bá mi di irun rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nọ́ọ̀sì tún rán mi lọ sí Kútọnu. Ọmọ náà jókòó sórí akéte lábẹ́ àtíbàbà, aládùúgbò wa wà pẹ̀lú rẹ̀. Mo yẹ ẹ̀sáǹsì wò. Mo tún un yẹ̀ wò. Mo wo ojú ọ̀run, ìkùukùu kékeré kan wà níhà Ìgòlò, àyà mi sì já. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ padà wá bá mi, ẹkún kò tíì dé, ayọ̀ kò tíì dé. N kò fò lọ́jọ́ náà. Kàmíọ̀n ni mo gbé lọ.

Mo ta bàálù náà fún oníṣòwò òwú kan láti apá òkè. Ẹni tó ń bá a wa bàálù wá gbé e fò lọ. Èmi àti ọmọ mi dúró létí pápá títí a kò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́.

"Ṣé yóò padà wá?" ni ó bi mí.

"Rárá."

Ó ní ebi ń pa òun. A lọ sílé, mo se iṣu fún un. Iyọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́, èmi náà sì jẹ.