Ta Ló Fọ́ Òkúta Àtẹ̀gùn Wa?

Bàbá tó ni ilé tí à ń gbé ní Turin sọ pé fírísà wa ló fọ́ òkúta kẹta lára àtẹ̀gùn àwọn. Wọ́n ní tí contratto, ìwé àdéhùn ilé wa, bá parí lóṣù tó ń bọ̀, ká palẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò ní contratto, kí ló fẹ́ fi tún permesso, ìwé ìgbélùú, ṣe? Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́. Kí n má purọ́, èmi àti ọkọ mi gbé fírísà gba ibẹ̀ lóòótọ́, ó sì bọ́ lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré! Ẹsẹ̀ ọkọ mi ló sì bọ́ lé. Bó bá jẹ́ ti ká pẹjọ́ ni, ọkọ mi ló yẹ kó pẹjọ́.

Ilé àwòrán kan ni mo ti ń ṣe pulizie, iṣẹ́ agbálẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, àwòrán àdúgbò àwọn tálákà ayé ọjọ́un ló kún ibẹ̀, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́-ọnà máa ń fín sára bàbà pẹlẹbẹ, kí wọ́n tó fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Mo ń nu gíláàsì ọ̀kan lọ́wọ́ nígbà tí mo kígbe: "Yéè! Ilé wa rèé!"

Orúkọ àdúgbò wa àti ọdún tí wọ́n ṣe é wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kànga inú àgbàlá nìyẹn, aṣọ sísá nìyẹn. Obìnrin kan gbé garawa, ó ká aṣọ sókè, ó ń gbẹ́sẹ̀ kọjá òkúta kẹta. Òkúta ọ̀hún ti fọ́! Alhamdulillahi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko gíláàsì náà.

Ní Sátidé, èmi àti ọmọ mi obìnrin mú bàbá onílé wá. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Signora, òsì ni tibí ti fọ́. Ọ̀tún ni tèmi ti fọ́. Ilé mi kọ́ nìyí."

 Ọmọ mi wá là á mọ́lẹ̀: "Mamma, è al contrario!" Ó ní wọ́n kọ́ àwọn níléèwé pé tí wọ́n bá ti tẹ àwòrán orí bàbà sórí bébà, ọ̀tún á di òsì.

"Ìwọ ọmọ yìí, o sì ń wò mí láti ìgbà tá a ti dé!"

Mo fa jígí pọ́dà mi yọ. Mo ní kí bàbá kẹ̀yìn sí àwòrán, kí wọ́n wò ó nínú jígí. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń wò wá bíi wèrè mẹ́ta. Nínú jígí, kànga padà sáyè rẹ̀, òkúta náà sì fọ́ lọ́tùn-ún.

Bàbá bọ́ awò ojú wọn. 

"Bàbá mi àgbà ni gbogbo ilé sọ pé wọ́n fi àgbá wáìnì fọ́ ọ. Títí bàbá náà fi kú ni ìyá mi àgbà fi ń bú wọn. Wọn ò tíì bí bàbá mi àgbà lọ́dún tí wọ́n ṣe àwòrán yìí."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Àánú bàbá ṣe mí. Wọ́n ní ká wá fọwọ́ sí contratto tuntun lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

"Òkúta náà ńkọ́, bàbá? Ẹ ó tún un ṣe?"

"Ká tún un ṣe kẹ̀? Ó ti di ohun ìtàn!"

Láràárọ̀ ni mo ṣì ń ká aṣọ sókè kí n tó gbẹ́sẹ̀ kọjá rẹ̀. Mo sì máa ń kí obìnrin inú àwòrán tó gbé garawa yẹn: "Ìyá, ẹ rọra o. Wọn ò tíì tún un ṣe."