Télọ̀ Tó Fi Pínnì Di Ẹnu Ọmọ Rẹ̀

Kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ èrìgì bí irọ́ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Èmi tí n kò jókòó níwájú olùkọ́ rí, tí àwọn olùkọ́ sì ń wá bi ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, n kì í fi irọ́ ba gègé mi jẹ́.

Télọ̀ kan ń bẹ ládùúgbò wa tí à ń pè ní Ẹlẹ́nu-Pínnì. Bó bá ti jókòó ti máṣíìnì, pínnì á kún àárín ètè rẹ̀ bí ẹ̀gún ara òòrẹ̀. Ẹ kí i, "M̀-ḿ." Ẹ bi í pé ìgbà wo laṣọ á jáde, "M̀-ḿ." Iléeṣẹ́ búrẹ́dì ni ìyàwó rẹ̀ ń lọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ bàbá lọmọkùnrin wọn ń wà látàárọ̀ dalẹ́, lórí ẹní, láàárín àrékù aṣọ. Ọmọ pé ọdún kan àbọ̀, kò pe ìyá, kò pe bàbá. "M̀-ḿ" náà ni.

Oorun dá lójú ìyá ọmọ. Ẹ̀rù ń bà á pé odi lòun bí. Ó wọ́ ọkọ tòun tọmọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn ọlọ́mọ wẹ́wẹ́.

Nọ́ọ̀sì mi agogo lẹ́yìn ọmọ, ọmọ yíjú. Ó gbé bọ́ọ̀lù sókè: "Kí lèyí, ọkọ mi?"

Ọmọ pa ètè dé gbọin-gbọin. "M̀-ḿ."

"Etí ẹ̀ dá ṣáká. Ta ló ń panu dé bá a sọ̀rọ̀ nílé?"

Ìyàwó yíjú sọ́kọ. Áà! Pínnì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tó gbàgbé síbẹ̀ látilé. Ó fẹ́ ṣàlàyé, "M̀-ḿ" ló jáde. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó jókòó síbẹ̀, wọn ò dín ní ẹgbẹ̀rún, bú sẹ́rìn-ín títí páànù òrùlé fi ń mì. Ojú tì í débi pé òógùn ń kán létí rẹ̀.

"Ẹ máa wò ó lójú, bàbá. Bó bá dún, ẹ dá a lóhùn, kẹ́ ẹ dákẹ́ kóun náà fèsì. Ohun tẹ́ ẹ bá ń ṣe, ẹ sọ ọ́ fún un."

"Ọmọ tí ò tíì gbédè?"

"Tẹ́ ò bá bá a sọ ọ́, ibo ló ti fẹ́ gbọ́ ọ?"

Bí télọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí rojọ́ fọ́mọ nìyẹn, pẹ̀lú ìtìjú. "Àlùmọ́gàjí rèé. Bọ́tìnnì rèé. Aṣọ Ìyá Oníbàtà rèé, mi ò tíì gé e. Kò tíì, kò tíì rárá." Bí èèyàn bá ń kọjá, télọ̀ á wúkọ́, á ṣe bí ẹni ń kọrin.

"Télọ̀, ṣé máṣíìnì lẹ̀ ń bá jà ni?" ẹnì kan bi í láti ìta.

Ó tún wúkọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Oníbàtà, tó ń ta bàtà lójú ọ̀nà, wọlé dé. "Aṣọ mi dà?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mọ́mì, ó ti parí. Bọ́tìnnì ló kù."

Ọmọ na ìka sí aṣọ tó wà ní kíká: "Kò tíì!"

Ìyá Oníbàtà yíjú sọ́mọ.

"Kí ló wí?"

"Kò tíì!"

"Ẹlẹ́nu-Pínnì! Ọmọ ẹ ti tú ẹ fó!"

Ọmọ ti fọhùn! Télọ̀ gbé e, ó sáré lọ síléeṣẹ́ búrẹ́dì. Ọmọ sọ ọ́ lójú ìyá rẹ̀, lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ìyá bú sẹ́kún ayọ̀. "Kí ni kò tíì, bàbá ẹ̀?" Ó di dandan kí télọ̀ fẹnu ara rẹ̀ ròyìn irọ́ tó pa. Ó rò ó tán, kò mọ ibi tó lè kojú sí, ṣùgbọ́n kò gbọ́mọ kalẹ̀.

Ìyá Oníbàtà ṣì wà láyé, ìsọ̀ rẹ̀ ò kúrò níbi tó wà. Ẹni tó bá rò pé mo bù mọ́ ọn, kó lọ bi í.