Àdúrà Tó Gùn Láàárín Ilẹ̀kùn Méjì

Gbọ̀ngàn tí wọ́n fún wa ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan lápá ìlà-oòrùn, èkejì lápá ìwọ̀-oòrùn. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹni tó kọ́ ọ fi ẹyọ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo sí i ni, bóyá irun orí mi ì bá má tíì funfun tó báyìí.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ètò àlejò ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Adó-Èkìtì. Àwọn ará ilé mi rò pé kí á máa rẹ́rìn-ín sí àlejò ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún wa. Wọn ò mọ̀ pé àwa la máa ń mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ibi tí àsíá yóò dúró sí, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ jókòó ti ẹnì kejì. Ọ̀gá Dáramọ́lá ló kọ́ mi níṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé, ó ní kí n jókòó sórí gbogbo àga yàrá ìpàdé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n fi etí sílẹ̀ bóyá èyíkéyìí ń ké. Ogójì àga ni. Nígbà tí mo parí, ó bi mí èwo ló ń ké, mo ní n kò rántí. Ó ní kí n tún bẹ̀rẹ̀.

Ọdún méjì ló kù kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè kan, tí kò jìnnà sí tiwa, dé bá wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí a búra níṣẹ́ wa. Ìjọba wọn ti sún ìdìbò síwájú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún sún un lẹ́ẹ̀kejì, sáà Ààrẹ sì ti parí tó ṣì wà lórí àga. Àwọn èèyàn tú sí títì. Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè agbègbè wa bínú, wọ́n ní bí ìjọba àti àwọn alátakò ò bá fẹnu kò sórí ọjọ́ ìdìbò tuntun, wọn yóò ti gbogbo ẹnubodè mọ́ orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n wá ń wá ìlú kan tó dákẹ́, tí àwọn oníròyìn ò pọ̀ sí, kí ìhà méjèèjì pàdé níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnì kan dárúkọ Adó.

Ikọ̀ mẹ́ta ni àjọ náà rán wá láti làjà. Olórí wọn jẹ́ obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ adájọ́ ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀, gbogbo wa sì ń pè é ní Màmá Adájọ́. Mínísítà Àgbà ló wá fún ìjọba, ọkùnrin gíga tí bàtà rẹ̀ máa ń dán. Ẹni tó wá fún àwọn alátakò jẹ́ àgbàlagbà tó ti ṣe olùkọ́ rí, tí à ń pè ní Olùkọ́, tí eékún ń dùn. Ìwé òfin ìjókòó tí àjọ náà fi ránṣẹ́ nípọn bí ìwé orin ìsìn. Mo kà á dópin. Ọ̀kan nínú àwọn òfin náà ni pé kí a má gba àdúrà, torí ẹ̀sìn àwọn àlejò ò pa pọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan ni kí a ṣe dípò rẹ̀. Mo fi bírò pupa fa ìlà sí ìdí rẹ̀ kí n má baà gbàgbé.

Ọ̀gá Dáramọ́lá, tó ti di olórí ẹ̀ka wa nígbà náà, pè mí wọlé, ó ní orúkọ mi ló wà lórí ìwé. Bí ìpàdé náà bá tú ká lórí ọ̀rọ̀ ìjíròrò, ti àwọn ikọ̀ nìyẹn. Bó bá tú ká lórí àga tàbí ilẹ̀kùn, kí n má wulẹ̀ padà sí ọ́fíìsì. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ irú ẹ̀rín tó máa ń rín.

Lọ́jọ́ kìíní, àlejò ò tíì mu omi tán tí ìjà fi ṣẹlẹ̀. Ìhà ìjọba ní àwọn kò ní kọ́kọ́ wọ gbọ̀ngàn, torí bí àwọn bá kọ́kọ́ wọlé, ìwé ìròyìn ìlú àwọn yóò gbé e pé ìjọba jókòó de alátakò bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀. Ìhà alátakò náà ní ohun kan náà ni wọn yóò kọ nípa àwọn. Àwọn ayàwòrán mẹ́rin sì ti to ara wọn sí iwájú gbọ̀ngàn, ẹsẹ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni wọ́n ń dúró dè. Mo ní kò burú, ilẹ̀kùn méjì la ní, kí wọ́n jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn sí ọgbọ́n mi. Ni akọ̀wé Mínísítà Àgbà bá yọ téèpù jáde nínú àpò rẹ̀, ó wọn ilẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn ìlà-oòrùn fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sún mọ́ tábìlì ju èkejì lọ.

Mo ránṣẹ́ pe kápẹ́ńtà láti àdúgbò Fájuyì. Ó dé lórí ọ̀kadà pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó rò pé tábìlì ló kán. Nígbà tí mo ní kó kàn bá wa sún un ni, ó wò mí títí. A sún tábìlì sí àárín gbùngbùn. Oòrùn wá ń ta sójú àwọn alátakò láti ojú fèrèsé, wọ́n ní a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. A fi aṣọ dí fèrèsé. Ìhà ìjọba ní ibẹ̀ ti ṣókùnkùn jù. Bí ọjọ́ kìíní ṣe lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyẹn Ọjọ́rú, wọ́n wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn lóòótọ́. Mo kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, kí wọ́n jọ gbé ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé e. Mínísítà Àgbà ń wo bàtà Olùkọ́, Olùkọ́ ń wo bàtà Mínísítà Àgbà. Mo tún ka ení, èjì, ẹ̀ta, bíi tìgbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní ìṣirò. Nígbà tó di ìgbà keje, Màmá Adájọ́ ní kí n lọ jókòó. Ojú tì mí. Mo délé, n kò lè jẹun.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni gbèdéke. Bí aago méjìlá bá lù láìsí ìpàdé, àwọn ikọ̀ yóò padà, wọn yóò sì ti ẹnubodè. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni gbogbo wa ti pé. Àwọn ikọ̀ jókòó, àwọn ọlọ́pàá dúró, àwọn ayàwòrán gbé ẹ̀rọ wọn sójú, àwọn ọkùnrin méjèèjì sì tún wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, oníkálukú pẹ̀lú èèyàn rẹ̀ lẹ́yìn. Èmi ni mo wà nídìí máìkì. Aago mẹ́wàá kọjá. Òógùn ti bò mí títí dé gèlè. Mo ronú ìwé ìfẹ̀yìntì mi, mo ronú Ọ̀gá Dáramọ́lá tó jókòó lẹ́yìn tó ń fi ìka ta orí àga. Ẹnu mi kàn là, ohun tó sì jáde ni ohun tí mo ti ń sọ ní gbogbo ìpàdé láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn:

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dìde fún àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Mo pe Bàbá Fáìlì.”

Bàbá Fáìlì ni ẹni tó ń tọ́jú fáìlì ọ́fíìsì wa, ọmọ Ìgèdè, alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà. Ìwé àdéhùn tí wọn yóò fọwọ́ sí ló gbé wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló dúró sí. Èmi ni mo máa ń pè é bí ìpàdé bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì sì mọ̀ pé bí a bá ti pè é, tíì yóò tutù. Mo rántí bírò pupa mi. Mo fẹ́ sọ pé mo ṣì í sọ, àmọ́ ó ti ń bọ̀ níwájú, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀.

Gbogbo èèyàn dìde. Ní Èkìtì, bí wọ́n bá ti ní ká gbàdúrà, ojú a dì, kì í ṣe ohun tí à ń bá ara wa jiyàn lé lórí. Àwọn ọlọ́pàá ṣí fìlà. Àwọn ayàwòrán, ọmọ Adó ni mẹ́ta nínú wọn, gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n tẹrí ba. Ẹnì kẹrin wò wọ́n, òun náà tẹrí ba. Ọ̀kan nínú àwọn ikọ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Èmi náà di ojú, ìbẹ̀rù ló dì í fún mi ju ìgbàgbọ́ lọ.

Bàbá Fáìlì bẹ̀rẹ̀. Ó gbàdúrà fún orílẹ̀-èdè àwọn àlejò, fún Ààrẹ wọn, fún àwọn tí kò fẹ́ Ààrẹ wọn. Ó gbàdúrà fún àwọn aboyún. Mo rò pé ó ti ń parí lọ. Ó ṣe bí ẹni tó mí kanlẹ̀, ó sì tún gbéra. Ó gbàdúrà fún àwọn awakọ̀ ọ̀nà Ìgèdè, fún kòtò tó wà lójú ọ̀nà náà, fún àgbẹ̀ tó gbin iṣu àti èyí tí kò tíì gbìn. Ó gbàdúrà fún ulé tí a wà, fún uṣẹ́ tí a wá ṣe, torí bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, Èkìtì rẹ̀ máa ń jáde. Ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ sí Faransé kọ́kọ́ ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó dórí kòtò, ó dákẹ́, ó ń ṣe àmín lásán. Inú ń bí mi. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé Bàbá yìí ló máa fòpin sí iṣẹ́ mi. Ó gbàdúrà fún òjò. Ó gbàdúrà fún kápẹ́ńtà tó sún tábìlì. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe àmín lójijì, bí ẹni tí wọ́n ta létí.

Mo la ojú. Mínísítà Àgbà ti jókòó. Olùkọ́ ti jókòó ní òdìkejì rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa eékún rẹ̀. Àwọn ayàwòrán gbá ẹ̀rọ wọn mú, wọ́n ya fọ́tò, kò sì sí ohun kan nínú rẹ̀ ju ọkùnrin méjì tó jókòó lọ. Màmá Adájọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé aago ọwọ́ rẹ̀ lé orí tábìlì.

“Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀,” ó ní, “kí ẹnikẹ́ni tó tún dìde.”

N kò ní purọ́ pé àdúrà ló mú ọjọ́ ìdìbò. Wọ́n jiyàn títí aago méjìlá fi kọjá, ohùn wọn ń dé ẹnu géètì, Màmá Adájọ́ sì ṣe bí ẹni pé òun ò rí aago. Ṣùgbọ́n ojúkojú ni wọ́n ti ń jiyàn, èyí tí wọn ò tíì ṣe láti ìgbà tí ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, wọ́n fọwọ́ sí ọjọ́ tuntun. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún díẹ̀, mo tún gèlè mi ṣe.

Kí wọ́n tó lọ, akọ̀wé tó ní téèpù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n sọ òótọ́ fóun, ta ló kọ́kọ́ wọlé. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àdúrà là ń gbà.” Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnì kan láti ìhà kejì bi mí ní ìbéèrè kan náà, mo fún un ní èsì kan náà. Àwọn méjèèjì rò pé mo mọ̀, mo ń fi pamọ́ ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò mọ̀, ó sì ń dùn mí. Mo wà níbẹ̀, kí ni mo di ojú pọ̀ fún?

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kúèrì dé sórí tábìlì mi. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi rú òfin àdúrà, kí n sì sọ, fún àkọsílẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé. Mo kọ ọ́ pé àṣà ọ́fíìsì ló gbé mi, mo tọrọ gafárà, àti pé n kò rí ẹni tó wọlé torí àdúrà là ń gbà. Ọ̀gá Dáramọ́lá kà á, ó ní kí Bàbá Fáìlì fi í sí fáìlì. Bàbá gbà á, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó so ó mọ́ inú rẹ̀ dáadáa. Mo gbọ́ lórí rédíò lẹ́yìn náà pé ìdìbò wọn wáyé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Inú mi dùn débi pé mo ra ẹran lọ sílé.

Nígbà tí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì mi kù sí dẹ̀dẹ̀, mo lọ sí Ìgèdè láti pe Bàbá Fáìlì wá gbàdúrà níbi ìdúpẹ́ mi. Ó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi. Mo bá a lóko, ó ń kọ ebè, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí, ó ní òun yóò wá. Mo ní, “Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó gùn bíi ti ọjọ́ àwọn àlejò.”

Ó fi ọwọ́ ti ọkọ́ rẹ̀.

“Ti ọjọ́ yẹn? Mo ti parí rẹ̀ lórí àwọn aboyún. Mo la ojú kí n ṣe àmín, mo rí i pé ẹnì kan ti jókòó, èkejì ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kí ni kí n ṣe? Mo tún di ojú, mo wá kòtò ọ̀nà Ìgèdè lọ.”

Mo jókòó sórí ebè. Ọdún méjì gbáko ni mo fi bínú sí gígùn àdúrà tó gba iṣẹ́ mi là. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo rẹ ohùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa méjì péré la wà lóko.

“Bàbá, èwo nínú wọn ló kọ́kọ́ wọlé?”

Ó wò mí bí ó ṣe máa ń wo ọ̀dọ́ akọ̀wé tó bá wá yá fáìlì láìfọwọ́ síwèé.

“Kí lẹ kọ sínú kúèrì yẹn, Màdáámù?”

Mo ní mo kọ ọ́ pé àdúrà là ń gbà.

“Hẹn-ẹn,” ó ní, ó tún gbé ọkọ́ rẹ̀. “Bó ṣe wà nínú fáìlì nìyẹn.”